Eré Ìta Nígbà Ìrúwé: Ẹ Yẹ Ara Ọmọ Wò

Ẹ̀yin òbí wa ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òtútù ti ń lọ, oòrùn sì ti ń pẹ́ kó tó wọ̀. Ó dára kí a kó àwọn ọmọ jáde lọ síbi koríko, kí wọ́n sáré, kí ara wọn jí pépé. Àmọ́ ìgbà yìí náà ni eégbọn ń pọ̀ nínú koríko gíga àti igbó. Kì í fò, kì í bẹ́. Etí ewé ló ń dúró sí títí ara ẹni yóò fi kàn án. Àwọn kan nínú wọn ń gbé kòkòrò àìsàn Lyme.

A gbà yín níyànjú pé kí ẹ wọ ṣòkòtò gígùn àti ìbọ̀sẹ̀ fún ọmọ. Bí ẹ bá délé, kí ẹ tó ṣe àlùwàlá, ẹ wo abíyá rẹ̀, ẹ̀yìn orúnkún, àárín itan, ẹ̀yìn etí àti àárín irun.

Bí ẹ bá rí eégbọn, ẹ má fi epo pa á, ẹ má fi iná jó o. Ẹ fi ẹ̀mú kékeré tí ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín mú un níbi tó ti kan awọ, kí ẹ rọra fà á sókè. Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀.

Ọ̀pọ̀ eégbọn kò ní àìsàn yìí, ẹ má jáyà. Àmọ́ ẹ máa ṣọ́ ojú ibẹ̀ fún oṣù 3. Bí àmì róbótó bá yọ tó ń fẹ̀ sí i, ẹ tọ dókítà lọ. Láàrin ọ̀sẹ̀ 1 sí 4 ló sábà máa ń yọ, kì í sì í tètè hàn lára aláwọ̀ dúdú. Oògùn apakòkòrò ń wò ó sàn bí a bá tètè lò ó.

Àmánà ni àwọn ọmọ lọ́wọ́ wa.