Orin Tí Buxtehude Fi Sin Bàbá Rẹ̀

Ní oṣù kìíní ọdún 1674 ni Johannes Buxtehude kú ní Lübeck, lápá àríwá Jámánì. Ọdún 32 ló fi tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Helsingør, ní Denmark. Iṣẹ́ yẹn kan náà ni Dieterich, ọmọ rẹ̀, ń ṣe ní Lübeck. Orin tí ọmọ fi sin bàbá ti pé 150 ọdún lọ́dún náà gan-an. Martin Luther ló kọ ọ́, Mit Fried und Freud ich fahr dahin ni wọ́n ń pè é, ọ̀rọ̀ ẹni tó ń fi àlàáfíà àti ayọ̀ kúrò láyé ló sì wà nínú rẹ̀.

Kí Luther tó dé, ìsìn òkú nínú ìjọ Àgùdà kún fún àdúrà pé kí Ọlọ́run yọ ọkàn olóògbé kúrò níbi ìwẹ̀nùmọ́. Luther ní irú ibẹ̀ kò sí. Àmọ́ bí a bá mú orin kan kúrò lẹ́nu ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, kí ni yóò máa kọ? Ní ìparí ọdún 1523, ó kọ̀wé sí Georg Spalatin ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kí ó bá òun kọ orin lédè tí mẹ̀kúnnù gbọ́, kí ó yẹra fún àwọn ọ̀rọ̀ ààfin. Òun fúnra rẹ̀ kò dúró wò. Ó gbé ọ̀rọ̀ Síméónì nínú Ìhìnrere Lúùkù, orí 2, ẹsẹ 29 sí 32, ó sì sọ ọ́ di orin ẹlẹ́sẹ mẹ́rin. Àwọn ará ìjọ Áńgílíkà láàárín wa mọ ọ̀rọ̀ náà dáadáa, torí òun ni wọ́n ń kọ ní ìsìn ìrọ̀lẹ́. Lọ́dún 1524, Johann Walter tò ó sí ohùn fún ẹgbẹ́ akọrin nínú ìwé orin tó jáde ní Wittenberg.

Orin àgbàlagbà ni. Síméónì ti gbó, ó ti tọ́, ó ti rí ohun tó ń retí, ó gbé ọmọ-ọwọ́ Jésù sọ́wọ́, ó ní òun ti ṣetán. Òkú àgbà nìyẹn, kò sẹ́ni tí ń bẹ̀rù rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1542 tí Luther fi orin yìí sínú ìwé kékeré tó kó orin ìsìnkú jọ, ọdún náà ni Magdalena ọmọ rẹ̀ kú, ọmọ ọdún 13. Apá bàbá rẹ̀ ló kú sí. Síméónì gbé ọmọ dání, ó ní kí òun máa lọ. Luther gbé ọmọ dání, ọmọ ló lọ. Láti ìgbà tí mo ti mọ èyí, n kò lè gbọ́ orin náà bí orin ìtura lásán mọ́.

Ohùn orin náà fúnra rẹ̀ kò dún bí ayọ̀ létí wa. Ó fara jọ ohùn arò, bẹ́ẹ̀ ó fò sókè lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, bí ẹni tó dìde lórí ìjókòó.

Dieterich Buxtehude ti to orin yìí ní 1671 fún ìsìnkú olórí àwọn àlùfáà Lübeck. Iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n ni: ohùn òkè yóò sọ̀ kalẹ̀, ti ìsàlẹ̀ yóò gòkè, wọn yóò gba ipò ara wọn, orin kò sì ní bàjẹ́. Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ jáde fún bàbá rẹ̀ ní 1674, ó fi orin arò kan kún un. Ibẹ̀ ló ti sunkún. Ohun tó ṣe yìí ló dára jù lójú mi. Kò fi ìgbàgbọ́ bo omijé mọ́lẹ̀.

Àwọn olórin mìíràn náà ti lo orin yìí. Heinrich Schütz fi ẹsẹ rẹ̀ kan sínú orin ìsìnkú ọlọ́lá kan ní Gera ní 1636, torí ọlọ́lá náà ti ní kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ orin àti Bíbélì sára pósí òun kí ó tó kú. Ní 1877, Brahms bẹ̀rẹ̀ orin kan pẹ̀lú ìbéèrè Jóòbù, ìdí tí a fi ń fún ẹni tí ìyà ń jẹ ní ìmọ́lẹ̀. Ẹsẹ kìíní Luther ló fi parí rẹ̀. Bach lò ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Èyí tó ga jù ni Actus tragicus, tí ó kọ nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún 24. Kò sí kàkàkí, kò sí ìlù. Fèrè méjì, gòjé ńlá méjì tí wọ́n ń fi orúnkún há, àti dùùrù. Báàsì ń kọ ìlérí Jésù fún olè orí àgbélébùú, áàtò ń kọ orin Luther lé e lórí. Báàsì yóò dákẹ́. Áàtò nìkan ni yóò parí ẹsẹ náà, níbi tí Luther ti pe ikú ní oorun.

Ẹ̀yin ọ̀gá akọrin tí ẹ ń darí orin Síméónì ní ìrọ̀lẹ́ Sunday, Actus tragicus kò gbà ju nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá a gbọ́, kí ẹ sì jẹ́ kí áàtò yín náà gbọ́ ọ.