Kèké tí kì í ṣojúsàájú: ohun tó mú kí Diablo II pé ọdún 25 láìkú

Ní ìparí oṣù kẹfà ọdún 2025 ni Diablo II, géèmù orí kọ̀ǹpútà tí ilé iṣẹ́ Blizzard gbé jáde ní ọdún 2000, pé ọdún 25. Àlàyé tó wọ́pọ̀ jù lórí bó ṣe pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ni pé ìrántí ìgbà èwe ló ń fa àwọn èèyàn padà sídìí rẹ̀. Àlàyé yẹn kò tó. Ọ̀pọ̀ géèmù ìgbà náà wà tí àwọn èèyàn ṣì fẹ́ràn, tí wọ́n á ṣí fún alẹ́ kan, tí wọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́, tí wọn kò sì ní ṣí i mọ́. Ní ti Diablo II, ọdọọdún ni àwọn èèyàn ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti ìpele kìíní. Wọ́n á pa iwin kan náà lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ọ̀sẹ̀, wọ́n á sì tún fẹ́ pa á lọ́la.

Ohun tó ń fà wọ́n kì í gbà ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ: ìgbà tí iwin bá ṣubú, tí ìkógun sì bọ́ sílẹ̀ lára rẹ̀. Iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà ń ṣe lásìkò yẹn ni mo fẹ́ ká tú wò, torí àṣìmọ̀ pọ̀ lórí rẹ̀, kódà láàárín àwọn tó ti ń gbá géèmù náà fún ogún ọdún.

Ibi tí kèké náà ti ṣẹ̀ wá

Ìdílé géèmù yìí dàgbà ju Blizzard lọ. Ní nǹkan bí ọdún 1980, Michael Toy àti Glenn Wichman, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Kalifóníà, ṣe géèmù kan tí wọ́n pè ní Rogue. Kò sí àwòrán kankan nínú rẹ̀. Lẹ́tà àti àmì inú bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ya ògiri àti iwin, @ sì ni akọni. Ohun tó jẹ́ tuntun ni pé kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló ń kọ́ àjà ilẹ̀ tí akọni ń wọ̀, ó sì ń tún un kọ́ ní ọ̀nà mìíràn nígbàkígbà tí èèyàn bá bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó kú lánàá kò lè fi ìmọ̀ ọ̀nà àná rìn lónìí. Àwọn ọmọ Rogue bíi Moria àti Angband tẹ̀lé e, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń fi wọ́n ṣàìsùn.

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ ni David Brevik. Ní ọdún 1993, òun àti tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, Max àti Erich Schaefer, dá ilé iṣẹ́ Condor sílẹ̀ ní Kalifóníà. Orúkọ Mount Diablo, òkè kan ní agbègbè tí Brevik gbé, ló mú fún géèmù tó wà lọ́kàn rẹ̀. Lójú tirẹ̀, ó yẹ kí akọni gbé ẹsẹ̀ kan, kí iwin náà gbé ẹsẹ̀ kan, gẹ́gẹ́ bíi ti Rogue. Blizzard, tó fẹ́ gbé géèmù náà jáde, ní kí ó jẹ́ kí gbogbo nǹkan máa ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Brevik kọ̀, ó sì jiyàn títí. Níkẹyìn, ó jókòó ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ kan, ó sì tún kóòdù náà kọ láàárín wákàtí mélòó kan. Nígbà tó tẹ máòsì lórí egungun òkú tó ń rìn, jagunjagun rẹ̀ rìn lọ bá a, ó sì fọ́ ọ túútúú. Brevik fúnra rẹ̀ sọ ìtàn yìí níbi àpérò àwọn tó ń ṣe géèmù ní San Francisco ní ọdún 2016: lójú ẹsẹ̀ náà ló mọ̀ pé iyàn ti tán. Blizzard ra Condor ní ọdún 1996, ó yí orúkọ rẹ̀ padà sí Blizzard North, Diablo kìíní sì jáde bí ọdún náà ṣe ń parí lọ.

Ohun méjì ló pàdé níbẹ̀: kèké tí kì í tún ara rẹ̀ ṣe láti inú Rogue, àti èsì kíákíá láti inú ìtẹ̀ máòsì kan. Diablo II kàn mú kí kèké náà jinlẹ̀ sí i ni.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí iwin bá kú

Ọ̀pọ̀ rò pé àpò ńlá kan wà níbì kan tí kọ̀ǹpútà ń ki ọwọ́ bọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kèké ló ń ṣẹ́ léraléra, èyí tó ṣáájú sì ń sọ èyí tó máa tẹ̀lé e.

Iwin kọ̀ọ̀kan ní àtẹ tirẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Treasure Class. Orí àtẹ náà ni owó wúrà, oògùn, ohun ìjà, ìhámọ́ra àti òkúta rune wà, kálukú pẹ̀lú ìwọ̀n tirẹ̀. Òfo náà ní àyè níbẹ̀, NoDrop ni orúkọ rẹ̀. Bí iye àwọn tó jọ wà nínú eré kan ṣe ń pọ̀ sí i, títí dé ẹni 8, bẹ́ẹ̀ ni àyè òfo ń dín kù. Kèké lè tọ́ka sí àtẹ mìíràn, èyí náà á tọ́ka sí òmíràn, títí a ó fi kan nǹkan gan-an: idà báyìí, tàbí àṣíborí báyìí.

Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni ìbéèrè ipò tó bẹ̀rẹ̀. Ṣé Unique ni, tí orúkọ rẹ̀ ń hàn ní àwọ̀ wúrà? Bí kèké bá ní rárá, ṣé Set ni, aláwọ̀ ewé? Bí kò bá jẹ́ Set, ṣé Rare ni? Àbí Magic, aláwọ̀ búlúù? Nígbà mìíràn, kèké á sọ pé Unique ni, ṣùgbọ́n kò ní sí Unique kankan tí irú ohun bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ ní ìpele iwin tó kú náà. Géèmù á sọ ọ́ di Rare, á sì fún un ní ìfaradà ìlọ́po mẹ́ta. Ẹni tójú rẹ̀ là á wo nọ́ńbà ìfaradà yẹn, á sì mọ̀ pé kèké ńlá ti bọ́ fún òun, ibi tí kò sí ẹrù ló bọ́ sí.

Magic Find àti ohun tí kò lè ṣe

Àwọn òrùka, bàtà àti ìhámọ́ra kan ní agbára Magic Find lára, tó ń mú kí ohun tó ṣọ̀wọ́n túbọ̀ bọ́ sílẹ̀. Lórí èyí ni àṣìmọ̀ ti pọ̀ jù.

Àkọ́kọ́ ni ti rune. Rune 33 ló wà, láti El dé Zod, wọ́n sì wọ inú géèmù pẹ̀lú àfikún ọdún 2001, Lord of Destruction. Bí a bá tò wọ́n bó ṣe yẹ sínú ihò ìhámọ́ra tàbí ohun ìjà, wọ́n á di ohun alágbára. Jah, Ith àti Ber, ní títẹ̀léra, nínú ẹ̀wù ogun oníhò mẹ́ta, ló ń di Enigma, tó ń fún akọni èyíkéyìí ní agbára àtipòórá níbì kan kí ó sì yọ níbòmíràn, agbára tó jẹ́ ti Sorceress, akọni onídán, nìkan tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, àwọn èèyàn ń to Magic Find jọ kí wọ́n lè rí Ber. Iṣẹ́ àṣedànù ni. Rune kò ní ipò: kò sí rune tó jẹ́ Unique, kò sí èyí tó jẹ́ Rare. Ìbéèrè ipò nìkan ni Magic Find ń dá sí, orí àtẹ ìṣáájú sì ni wọ́n ti yan rune. Lórí ọ̀rọ̀ rune, ẹni tó ní Magic Find 400 àti ẹni tí kò ní rárá dọ́gba.

Èkejì ni pé Magic Find kì í lọ sókè bí nọ́ńbà rẹ̀ ṣe ń lọ. Fún Unique, géèmù ń sọ nọ́ńbà rẹ di púpọ̀ ní ọ̀nà 250, lẹ́yìn náà ó ń fi àpapọ̀ nọ́ńbà yẹn àti 250 pín in. Ẹni tó ní 100 ń rí iṣẹ́ 71 gbà. Ẹni tó ní 250 ń gba 125. Ẹni tó ní 500 ń gba 167 péré. Kò sí bó ṣe lè dé 250 láéláé. Bí o bá sì bọ́ ìhámọ́ra tó dára sílẹ̀ kí o lè gòkè láti 250 dé 500, tí ìyára tí o fi ń pa iwin wá dín kù ju nǹkan bí ìdá 16 nínú 100 lọ, o ti pàdánù.

Ẹ̀kẹta ló le jù láti gbà: kèké kò ní ìrántí. Ká ní ohun kan máa ń bọ́ ní ẹ̀ẹ̀kan nínú 1,000. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú 100 èèyàn bá pa iwin náà ní ìgbà 1,000, nǹkan bí 37 nínú wọn kò ní rí i. Bí wọ́n bá pa á ní ìgbà 3,000, nǹkan bí 5 á ṣì wà lọ́wọ́ òfo. Kò sí "ó ti tó àkókò", kò sì sí "ó jẹ mí ní gbèsè". Iwin tó kàn kò mọ̀ pé o ti jìyà.

Òrùka tó di owó

Níbi tí kèké bá ti le tó báyìí, ọjà kò ní ṣàìyọ. Wúrà inú géèmù kò lè ṣiṣẹ́ owó, torí ó ní iye tí akọni lè gbé, èyí tó bá sì kú ń pàdánù lára rẹ̀. Àwọn tó ń gbá géèmù náà fúnra wọn wá yan òrùka kan, Stone of Jordan. Ó kéré, kì í bàjẹ́, ó rọrùn láti kà, gbogbo ẹni tó ń lo idán ló sì wúlò fún. Bí owó ẹyọ ṣe jọba lọ́jà ilẹ̀ Yorùbá nìyẹn, ohun tó sì bá owó ẹyọ jà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún náà ló bá òrùka yìí jà. Àwọn oníṣòwò Yúróòpù kó ẹyọ Zanzibar wọlé lọ́kọ̀ lọ́kọ̀, iye rẹ̀ sì já wálẹ̀. Àwọn oníjìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì rí àlèébù nínú Diablo II, wọ́n sì ń sọ òrùka kan di méjì, di igba.

Ní ọdún 2003, Blizzard gbé àtúnṣe 1.10 jáde. Bí àwọn èèyàn bá ta Stone of Jordan tó pọ̀ tó fún àwọn oníṣòwò inú géèmù, Diablo tó lágbára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ á jáde, ẹ̀bùn tí kò sí níbòmíràn sì wà lára rẹ̀. Mo gbà pé kí wọ́n lè fa owó tó ti pọ̀ jù kúrò lọ́jà ni wọ́n ṣe ṣe é. Ẹ̀yìn ìyẹn ni rune gba ipò owó.

Ẹyẹlé, ọ̀bọ àti àwa

Àwọn onímọ̀ ọpọlọ ní ohun tí wọ́n lè sọ níbí. Ní ọdún 1957, B. F. Skinner àti Charles Ferster tẹ ìwádìí wọn lórí ẹyẹlé jáde: ẹyẹ tí kò mọ iye ìgbà tó máa sọ bọ́tìnnì kí oúnjẹ tó jáde ń sọ ọ́ kíkankíkan, kì í sì í tètè jáwọ́. Ní ọdún 1997, Wolfram Schultz àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì ṣàlàyé ohun tí wọ́n rí nínú ọpọlọ ọ̀bọ: àwọn iṣan tó ń tú dopamine jáde ń sọ jí nígbà tí ohun dídùn bá dé láìròtẹ́lẹ̀, bó bá sì ti mọ́ ọn lára, àmì tó ṣáájú ohun náà ló ń jí wọn. Diablo II kún fún irú àmì bẹ́ẹ̀. Òrùka tó bọ́ sílẹ̀ ní ìró tirẹ̀. Èyí tó bá sì jẹ́ Unique kì í sọ ohun tó jẹ́ títí wọ́n á fi ka ìwé kíká sí i lórí, tàbí tí wọ́n á gbé e lọ fún baba arúgbó Deckard Cain.

Ṣùgbọ́n ẹyẹlé àti ọ̀bọ kò gbá Diablo. Bó bá jẹ́ kèké nìkan ló ń mú géèmù pẹ́, ọgọ́rọ̀ géèmù tó ń ṣẹ́ irú kèké kan náà ì bá ti wà láàyè títí di òní. Ohun tí mo rí, tí mi ò sì lè fi ìwádìí gbè lẹ́yìn, ni pé ẹ̀tọ́ ló mú èyí pẹ́. Àwọn tó ń gbá a tú òfin kèké náà, wọ́n sì bá a pé kò sí ẹni tó ń ṣojúsàájú fún.

Ìtàn Diablo III ti èrò yìí lẹ́yìn. Ó jáde ní oṣù karùn-ún ọdún 2012 pẹ̀lú ọjà gbàǹjo, kò sì pẹ́ tí èyí tí wọ́n ń fi owó gidi ná fi tẹ̀lé e. Lójijì, ọ̀nà tó yá jù láti rí idà gidi ni kí èèyàn má pa iwin rárá. Blizzard fúnra rẹ̀ gbà pé ọjà náà ń ba ìpìlẹ̀ géèmù jẹ́, ó sì tì í pa ní oṣù kẹta ọdún 2014. Nígbà tí wọ́n wá tún Diablo II ṣe ní ọdún 2021, àwòrán àti ìró ni wọ́n sọ di ọ̀tun. Ètò àtijọ́ ló ṣì ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, bọ́tìnnì kan sì lè dá ojú ọdún 2000 padà. Òótọ́ ni pé àwọn kan ń ta ìkógun fún owó gidi níta, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ náà kò jẹ nínú kèké rẹ.

Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì lásìkò yìí tí àpótí ìkógun olówó ti kún inú fóònù àwọn ọmọ wa, tí àjọ tó ń bójú tó tẹ́tẹ́ ní Bẹ́ljíọ̀mù sì ti pè é ní tẹ́tẹ́ láti ọdún 2018. Òbí tó bá ń dààmú kò gbọ́dọ̀ ka gbogbo kèké sí ọ̀kan náà. Kí ó béèrè ẹni tó ń jèrè nígbà tí ọmọ bá ṣẹ́ kèké tó bọ́ sí òfo. Nínú Diablo II, kò sẹ́ni tó ń jèrè: ẹni tó rà á ti sanwó lẹ́ẹ̀kan, ó sì parí. Ibi tí ilé iṣẹ́ bá ti ń gbowó lórí òfo kọ̀ọ̀kan, tẹ́tẹ́ ni, bó ti wù kí àwòrán rẹ̀ lẹ́wà tó.