Kọ́mà láàárín ọ̀rọ̀-àpèjúwe: ìgbà wo ló yẹ, ìgbà wo ni kò yẹ?

Ọ̀pọ̀ wa ni wọ́n kọ́ nílé ìwé pé ibi tí a bá ti fẹ́ mí ni ká fi kọ́mà sí. Ìmọ̀ràn àtayébáyé ni. Ní nǹkan bí ọdún 200 ṣáájú ìbí Jésù, Aristophanes ará Byzantium, olórí ilé ìkàwé Alexandria, ṣe àwọn àmì roboto kéékèèké fún àwọn tó ń kàwé sókè, kí wọ́n lè mọ ibi tí wọn yóò ti dánu dúró. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀-àpèjúwe méjì bá ṣáájú ọ̀rọ̀-orúkọ nínú Gẹ̀ẹ́sì, èémí kò lè tọ́ni sọ́nà. Ìtumọ̀ ló lè ṣe é.

Ẹ wo "a cold, windy night" àti "a big red car". Nínú ti àkọ́kọ́, òtútù mú lálẹ́ ọjọ́ náà, atẹ́gùn sì tún ń fẹ́. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ló ń júwe alẹ́ náà ní ìdọ́gba. Nínú èkejì, "red" ti so mọ́ "car" kí "big" tó dé. Ọkọ̀ pupa náà lódindi ni "big" ń júwe, ìdí nìyí tí kò fi sí kọ́mà.

Bí ó bá rú yín lójú, ẹ fi "and" sáàárín wọn, tàbí kí ẹ yí ipò wọn padà. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ṣì já geere, kọ́mà yẹ níbẹ̀; bí kò bá já geere, kò yẹ. "A windy, cold night" ṣì já geere. "A red big car" kò dùn létí, torí Gẹ̀ẹ́sì ní ètò tó ń tẹ̀ lé: èrò ẹni ló ń ṣáájú, lẹ́yìn náà ìtóbi, ọjọ́ orí, ìrísí, àwọ̀, orírun, àti ohun tí a fi ṣe nǹkan.

Nígbà mìíràn, kọ́mà kan lè yí òótọ́ ọ̀rọ̀ padà. "The first profitable year" sọ pé ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ti kọjá láìsí èrè. "The first, profitable year" sọ pé ọdún tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ gan-an ni èrè ti wọlé. Ẹni tó ń kọ ìwé àdéhùn tàbí ìròyìn owó kò gbọdọ̀ fi èyí ṣeré rárá.

Ìdí tí kọ́mà yìí fi ń da àwa ọmọ Yorùbá láàmú yé mi. Ẹ̀yìn ọ̀rọ̀-orúkọ ni ọ̀rọ̀-àpèjúwe tiwa ń wà: ilé ńlá tuntun, ajá dúdú kékeré. Púpọ̀ nínú ohun tí Gẹ̀ẹ́sì sì ń fi ọ̀rọ̀-àpèjúwe sọ, ọ̀rọ̀-ìṣe la fi ń sọ ọ́: ó ga, ó tutù. Etí wa kò bá kọ́mà yìí dàgbà, àfi ká kọ́ ọ.

Àwọn ibì kan wà tí àwọn olóòtú pàápàá kò ti fohùn ṣọ̀kan: àwọn kan ń kọ "a tall, thin man", àwọn mìíràn ń yọ kọ́mà náà kúrò. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn gbà pé kọ́mà kì í wà láàárín ọ̀rọ̀-àpèjúwe tó gbẹ̀yìn àti ọ̀rọ̀-orúkọ rẹ̀.