Ọ̀gá DeKalb County àti Owó Orí Ilé Yín: Iṣẹ́ Tí Michael Thurmond Ṣe

A kò kọ ọ̀rọ̀ yìí láti polongo ìbò fún ẹnikẹ́ni. Owó tó ń jáde lápò wa ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ọ̀pọ̀ nínú wa mọ orúkọ gómìnà ìpínlẹ̀ wa nílé, ṣùgbọ́n a kò mọ ẹni tó ń darí DeKalb. Redan kì í ṣe ìlú tó ní méyọ̀ tirẹ̀. Ìjọba DeKalb County ló ń pèsè omi, ọlọ́pàá, títì àti kíkó ìdọ̀tí fún wa. Láti 1985, CEO tí a dìbò yàn ló ń darí ìjọba náà. Ó máa ń ṣe ọdún mẹ́rin, kò sì lè ju ẹ̀ẹ̀mejì léra wọn lọ. Kọmíṣọ́nnà méje ló ń fọwọ́ sí ètò ìnáwó tó bá gbé wá. Márùn-ún ń ṣojú àgbègbè kéékèèké, méjì ń ṣojú àgbègbè ńlá, nítorí náà ilé kọ̀ọ̀kan ní kọmíṣọ́nnà méjì.

Michael Thurmond ló wà nípò CEO láti oṣù kìn-ín-ní 2017 títí di ìparí 2024. Ní ìlú Athens, Georgia, ni wọ́n ti bí i ní 1953. Àgbẹ̀ tó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ ni bàbá rẹ̀. Ó lọ sí Paine College ní Augusta, ó sì kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Yunifásítì South Carolina. Ní 1986 wọ́n yàn án sí ilé aṣòfin Georgia. Òun ni ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tí Clarke County rán lọ síbẹ̀ láti ìgbà àtúntò tó tẹ̀lé Ogun Abẹ́lé Amẹ́ríkà. Ní 1998 ó wọlé gẹ́gẹ́ bí kọmíṣọ́nnà ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ fún gbogbo ìpínlẹ̀ náà, ó sì wà níbẹ̀ títí di 2011.

Ẹ̀yin òbí yóò rántí 2013. Àjọ tó ń fọwọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ ti fi ilé ẹ̀kọ́ DeKalb sábẹ́ ìṣọ́, gómìnà sì yọ mẹ́fà nínú ọmọ ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́. Ẹ̀rù ba gbogbo wa pé ìwé ẹ̀rí àwọn ọmọ wa lè di yẹpẹrẹ. Thurmond ni wọ́n pè láti wá darí ilé ẹ̀kọ́ náà, títí di 2015. Ilé ẹ̀kọ́ náà kò pàdánù ìfọwọ́sí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí owó. Ní oṣù kọkànlá 2017, àwọn olùdìbò DeKalb fọwọ́ sí ètò méjì nígbà ìjọba rẹ̀. SPLOST ń gba 1% lórí ọjà fún títì àti àwọn iṣẹ́ ìlú mìíràn. EHOST ń gba 1% láti dín owó orí ilé kù. Láti oṣù kẹrin 2018, owó orí ọjà kúrò ní 7%, ó di 8%. Ní 2023, àwọn olùdìbò tún fọwọ́ sí i.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá ra bàtà $100, $1 lọ sínú EHOST, yálà ẹ ni ilé tàbí ẹ ń háyà. Ṣùgbọ́n ilé tó ní homestead exemption nìkan ni ìdínkù náà ń bá. Owó orí ti ìjọba DeKalb ló sì ń dín kù, kì í ṣe ti ilé ẹ̀kọ́. Ẹni tó ni ilé tí kò gba homestead ń dáwó ran aládùúgbò rẹ̀ lọ́wọ́ láìmọ̀. Mo rí ìdílé kan tó gbé inú ilé wọn fún ọdún mẹ́rin kí wọ́n tó gbọ́ nípa rẹ̀. Owó ọdún wọ̀nyẹn ti lọ.

Kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ló parí. Láti ọdún 2011 ni DeKalb ti wà lábẹ́ àdéhùn ilé ẹjọ́ pẹ̀lú ìjọba àpapọ̀ àti ìpínlẹ̀ láti tún páìpù omi ìdọ̀tí ṣe. Nígbà tó di 2021, wọ́n sún gbèdéke rẹ̀ sí 2027. Lorraine Cochran-Johnson di CEO ní oṣù kìn-ín-ní 2025. Ní oṣù kejì ọdún náà, ìgbìmọ̀ kọmíṣọ́nnà fọwọ́ sí i pé kí owó omi máa fi 10% lé sí i lọ́dọọdún fún ọdún 10. Ẹni tó ń san $100 yóò máa san nǹkan bí $259 tí ọdún mẹ́wàá náà bá pé. Títún páìpù tí a sún síwájú kò dín gbèsè rẹ̀ kù.

Kí ni kí á ṣe?

1. Ẹ wo ìwé owó orí ilé yín bóyá homestead wà lórí rẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ lọ sí ọ́fíìsì tax commissioner. Ọ̀fẹ́ ni. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹrin ni gbèdéke, ẹ sì ti gbọ́dọ̀ ni ilé náà kí ẹ sì máa gbé inú rẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní.

2. Bí ẹ bá kó lọ sí ilé tuntun, ẹ tún un kọ. Homestead kì í tẹ̀lé èèyàn.

3. 40% iye tí ilé yín tó lọ́jà ni wọ́n fi ń ṣírò owó orí. Ilé $250,000 di $100,000 nínú ìwé wọn. Bí iye tí wọ́n kọ bá ti pọ̀ jù, ẹ ní ọjọ́ 45 láti ọjọ́ tó wà lórí ìwé ìkéde náà láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.

4. Ẹ̀yin tó ti di ọmọ Amẹ́ríkà, ẹ forúkọ sílẹ̀, kí ẹ sì dìbò fún CEO àti àwọn kọmíṣọ́nnà, kì í ṣe fún ààrẹ nìkan.

Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Bí owó orí bá ń dùn wá, ẹ jẹ́ ká mọ ọwọ́ tó ń kọ ọ́.