Ìmọ́lẹ̀ Tí Ń Béèrè Ọ̀nà

Nígbà òjò, ẹni tí ó bá ní ẹrù láti kó kúrò ní Elavagnon kì í dédé gbéra. Yóò kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀nà dé: ṣé ọ̀nà ṣeé gbà? Bí kò bá ṣeé gbà, ibo ni a lè yà sí?

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ wa ṣe ń rìn lórí fóònù. Bí ọmọ ẹni bá pè láti ilẹ̀ Faransé, ojú ọ̀run kọ́ ni ohùn rẹ̀ sábà ń gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Ohùn náà ti di ìmọ́lẹ̀ nínú okùn dígí tín-ín-rín bí irun orí, tí a tẹ́ sí ìsàlẹ̀ òkun. Ìmọ́lẹ̀ yìí ń rìn tó 200 000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Òpó tí ẹ ń wò lẹ́yìn ìlú, ìrìn díẹ̀ tí ó kù ni ó ń bá wa ṣe.

Ta ni ń darí ìmọ́lẹ̀ náà? Ní oríta tí àwọn okùn ti pàdé, àwọn ẹ̀rọ wà tí ń ránṣẹ́ síra wọn. Kí a tó ṣí ọ̀nà tuntun, ẹ̀rọ kìíní á bi èkejì: ṣé àyè wà lọ́dọ̀ rẹ? Èkejì á bi ẹ̀kẹta. Bí ti ìkẹyìn bá gbà, ìdáhùn á padà wá, ọ̀nà á sì ṣí. Bí okùn bá já, ẹ̀rọ tí ìmọ́lẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́ á kéde fún àwọn yòókù kí wọ́n yà sí ibòmíràn.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, okùn mẹ́rin já nínú òkun níwájú Abidjan: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Íntánẹ́ẹ̀tì dákú ní orílẹ̀-èdè púpọ̀. Kí ni ìbéèrè lè ṣe níbi tí kò sí ọ̀nà kejì? Equiano, okùn Google tí ó gúnlẹ̀ sí Lomé ní oṣù kẹta ọdún 2022, kò já. Orí rẹ̀ ni àwọn kan sáré yà sí. (Orúkọ ẹrú kan tí ó gba òmìnira, tí ó sì kọ ìtàn ayé rẹ̀ sínú ìwé ní ọdún 1789, ni wọ́n fi pe okùn náà.) Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni ọkọ̀ ojú omi fi ṣe àtúnṣe àwọn tí ó já.

Okùn orí ilẹ̀ náà ń já, ọkọ́ àti kátakátà sì ń gé e. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ gbẹ́ kòtò lẹ́bàá títì, ẹ kọ́kọ́ béèrè ní ọ́fíìsì mérì ibi tí okùn gbà.