Ìròyìn kì í ṣe wáàsí: bí àáfà oníròyìn ṣe ń yí ọwọ́ ìkọ̀wé padà

Ẹni tó bá ti gba òpópónà Ṣàgámù sí Benin rí mọ Ore, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Odigbo. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì tó ń ti Èkó lọ sí ìlà oòrùn ti máa ń dúró kí èrò lè jẹun. Bí ìjàǹbá ọkọ̀ bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà yìí, àáfà tó tún ń ṣe iṣẹ́ ìròyìn lè kọ̀wé lé e lórí lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọjọ́ mélòó kan: ìròyìn, khutubah Jímọ̀, àti lẹ́tà ìbánikẹ́dùn sí mọ̀lẹ́bí olóògbé. Àwọn kan máa ń bi wá pé kí ló dé tí a ò kọ ẹyọ kan ká máa lò ó káàkiri. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìmọ̀ balaagah tí a kọ́ ní ilé kéú.

Al-Khatiib al-Qazwiinii, tó kú ní ọdún 1338, tó kọ Talkhiisul-Miftaah, fi yé wa pé kí ọ̀rọ̀ dá ṣáṣá nìkan kò tó. Ó gbọ́dọ̀ bá ohun tí ipò náà ń béèrè mu. Muqtadal-haal ni wọ́n ń pè é. Àwọn onímọ̀ yìí pín olùgbọ́ sí mẹ́ta. Ẹni tí kò tíì gbọ́ nǹkan kan, ẹ kàn sọ ọ́ fún un bó ṣe rí. Ẹni tó ń ṣiyèméjì, ẹ tẹnu mọ́ ọn díẹ̀. Ẹni tó ń jiyàn ni ìbúra wúlò fún. Ẹni tó ń ka ìròyìn, ẹni àkọ́kọ́ ni. Ìdí nìyí tí "mo fi Ọlọ́hun búra" kò fi ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀, ńṣe ló tiẹ̀ máa ń mú ara fu òǹkàwé.

Ìròyìn ló le jù fún àáfà, nítorí ẹnu wa ti mọ́ wáàsí. A ó fẹ́ kọ ọ́ pé kádàrá ni. Òótọ́ ni, kádàrá wà lára òpó ìgbàgbọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ṣùgbọ́n bí kádàrá bá gba àyè ohun tó fa ìjàǹbá nínú ìròyìn, ihò ojú ọ̀nà, táyà tó ti jẹ tán àti awakọ̀ tí kò sùn ti lọ lọ́fẹ̀ẹ́ nìyẹn, ọkọ̀ mìíràn á sì tún kó síbẹ̀. Oníròyìn gbọ́dọ̀ sọ ọjọ́, ibi, iye ọkọ̀, àti ẹni tó sọ iye òkú fún un, yálà ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tàbí ilé ìwòsàn. Suuratul-Hujuraat, ẹsẹ 6, ti pa wá láṣẹ ká wádìí ìròyìn. Bí a bá sáré kọ ọ́ pé gbogbo èrò ló kú, ìyá kan lè wà ní Odigbo tí ọmọ rẹ̀ wọkọ̀ láàárọ̀ yẹn, fóònù sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nínú khutubah, kádàrá lè padà wọlé, ìrántí ikú náà lè wọlé. Ohun tí n kò fara mọ́ ni àáfà tó ń dúró lórí mínbárì sọ ẹ̀ṣẹ̀ tí àwọn òkú ọ̀hún dá. Ta ló sọ fún un? Hadiisi tí Ammaar bin Yaasir gbà wá, tó wà nínú Sahiihu Muslim, ka gígùn ìrun àti kíkúrú khutubah sí àmì òye. Ẹni tó bá fẹ́ fẹ ọ̀rọ̀ lójú, tí balaagah ń pè ní itnaab, kó gbé e lọ síbi wáàsí alẹ́. Lẹ́tà ìbánikẹ́dùn ló kúrú jù: orúkọ olóògbé, àdúà, ó parí.

Iijaaz, ìyẹn kíké ọ̀rọ̀ kúrú, náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Àwọn èèyàn wa a máa sọ pé "Ó le kú, ijà Ore." Ó ti tó fún ẹni tó mọ ìtàn ogun abẹ́lé. Ọmọdé tí kò mọ̀ ọ́n kò rí nǹkan kan mú níbẹ̀. Òpìtàn ló máa sọ fún un pé ní oṣù kẹjọ ọdún 1967, àwọn ọmọ ogun Biafra gba agbègbè Mid-West kọjá dé Ore kí ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ tó dá wọn dúró.

Àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ yìí, ẹ wo iṣẹ́ Sheikh Adam Abdullahi Al-Ilori (1917–1992), tó dá Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1952, tó gbé e lọ sí Agége ní 1955. Ó fi Lárúbáwá kọ ìtàn, ìwé ẹ̀kọ́ àti ewì, ó sì fi Yorùbá ṣe wáàsí.

Ní tèmi, ìròyìn ni mo máa ń kọ ṣáájú, kí ìbànújẹ́ tó rí ọ̀rọ̀ kó sí mi lẹ́nu. Khutubah á tẹ̀lé e. Lẹ́tà ló ń kẹ́yìn, ó sì di ìgbà tó bá dá mi lójú pé wọ́n ti túfọ̀ fún mọ̀lẹ́bí.