Nígbà tí fóònù bá ń sọ ẹni tó tálákà: ọ̀rọ̀ owó Novissi ní Tógò

Ọ̀rọ̀ owó la fẹ́ sọ lónìí, ọ̀rọ̀ fóònù sì ni pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè ná. Bí ìjọba bá ní òun fẹ́ pín owó fún àwọn tí ọwọ́ wọn ò tó ẹnu jù lọ ní àgbègbè yín, ta ni yóò tọ́ka sí ẹni tí owó náà tọ́ sí? Ṣé baálẹ̀ ni? Ṣé ìyálọ́jà ni? Àbí ẹ̀rọ kan tí kò tẹ ilẹ̀ abúlé yín rí? Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ó ti ṣẹlẹ̀ ní Tógò, nítòsí wa níbí.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà dé tí iṣẹ́ dúró, ìjọba Tógò dá ètò kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Novissi. Èdè Ewé ni orúkọ yẹn, ọ̀rọ̀ ká ran ara wa lọ́wọ́ ni. Ẹni tó bá ní káàdì ìdìbò á tẹ *855# lórí fóònù, á fi nọ́mbà káàdì rẹ̀ síbẹ̀. Bí orúkọ rẹ̀ bá bá ètò mu, owó á wọlé sórí fóònù náà. Kò sí pé à ń tò sórí ìlà nínú oòrùn, kò sí akọ̀wé tó máa ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú nǹkan wá. Ní Lomé, iṣẹ́ téèyàn kọ sí ìwé ìdìbò ni wọ́n fi ń mọ ẹni tí owó tọ́ sí: oní zémidjan, aránṣọ, ẹni tó ń ta oúnjẹ lẹ́bàá ọ̀nà.

Ìgbà tó kan ìgbèríko ni iṣẹ́ wá le. Ṣé ẹ mọ̀ pé lábúlé, àgbẹ̀ ni lágbájá, àgbẹ̀ ni tàmẹ̀dò. Ìjọba ò sì ní ìwé kankan tó sọ bí ilé kọ̀ọ̀kan ṣe ń jẹun. Bẹ́ẹ̀ ni àrùn ò jẹ́ kí wọ́n lè rán èèyàn lọ láti ojúlé dé ojúlé.

Ibẹ̀ ni àwọn ará yunifásítì ti dá sí i. Láti yunifásítì Berkeley ní Kalifóníà, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ni àwọn kan nínú wọn ti wá. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ ṣíwájú nínú ìwádìí náà, Emily Aiken, akẹ́kọ̀ọ́ ni nígbà náà, ó ń kàwé láti gba oyè dókítà; Joshua Blumenstock, olùkọ́ ní yunifásítì kan náà, wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n kọ́kọ́ lo àwòrán tí sátẹ́láìtì yà láti òkè láti fi ṣa kántọ́ọ̀nù 100 tó tálákà jù nínú 397 tó wà ní Tógò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá wo fóònù.

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí, torí òun ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀. Wọn ò gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni. Ohun tí ilé iṣẹ́ fóònù máa ń kọ sílẹ̀ ni wọ́n lò: ìgbà mélòó lo pè, ìgbà wo lo pè, èèyàn mélòó lò ń pè, ibo lo wà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ta gàrí, ẹ mọ irú ọgbọ́n yìí. Ẹni tó ń ra agolo kan lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ àti ẹni tó ń gbé àpò lọ, ẹ ò béèrè ohun tó wà lápò wọn kẹ́ ẹ tó mọ̀. Wọ́n fi fóònù pe ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, wọ́n bi wọ́n nípa ilé àti ohun ìní wọn, wọ́n gbàyè lọ́wọ́ wọn, wọ́n wá fi ìdáhùn wọn wé bí wọ́n ṣe ń lo fóònù. Ohun tí kọ̀ǹpútà rí kọ́ níbẹ̀ ló fi ń díwọ̀n àwọn yòókù tí ẹnikẹ́ni ò bi ní nǹkan kan.

Àwọn tí ẹ̀rọ kà sí tálákà jù gba owó fún oṣù márùn-ún: fàráǹkì 8,620 lóṣù fún obìnrin, 7,450 fún ọkùnrin. (Ẹ̀yin bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá rédíò jà. A ò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n pín in.) Àjọ aláàánú kan tó ń jẹ́ GiveDirectly ló gbé owó náà sílẹ̀.

Ṣé ó dáa? Ohun tó wú mi lórí nínú ìwádìí yìí ni pé àwọn tó ṣe é ò fi àbùkù rẹ̀ pamọ́. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2022 nínú ìwé ìròyìn Nature. Wọ́n ní tí a bá fi wé kí wọ́n kàn pín owó fún àdúgbò kan láìwo ẹni, ọ̀nà fóònù dín bí wọ́n ṣe ń fo tálákà kù ní ìdá 4 sí 21 nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n tí a bá fi wé ìwé tó kún, tó mọ ilé kọ̀ọ̀kan, àṣìṣe yẹn á pọ̀ sí i ni, ní ìdá 9 sí 35. Ìyẹn ni pé nígbà tí ilé ń jó, ẹ̀rọ yìí wúlò. Nígbà tí ara bá rọ̀, kíkọ orúkọ láti ojúlé dé ojúlé ṣì sàn jù ú lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi ojú abúlé wò ó. Ìyá àgbà tí kò ní fóònù rárá ńkọ́? Ẹ̀rọ ò rí i, bẹ́ẹ̀ bóyá òun ló tálákà jù. Ìyàwó tó ń lo nọ́mbà ọkọ ńkọ́? Obìnrin tó ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́wàá pe oníbàárà tòmátì, ẹ̀rọ lè ní, "Ìpè yìí pọ̀, olówó nìyí." Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń fi kírédì ránṣẹ́ sí láti Kútọnu, tí kò sì ní iyọ̀ nílé, òun náà lè jọ olówó lójú ẹ̀rọ. Kò sì sí ẹni tó máa lọ ṣàlàyé fún kọ̀ǹpútà bí a ṣe máa ń lọ ṣàlàyé fún baálẹ̀.

Nítorí náà, bí irú ètò bẹ́ẹ̀ bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó dáhùn. Kí lẹ fẹ́ fi nọ́mbà mi ṣe? Ta ló máa rí i? Títí di ìgbà wo lẹ máa tọ́jú rẹ̀? Bí ẹ bá fò mí, ta ni mo lè lọ bá, èèyàn tó ní ojú àti etí? Ẹ má sì fún ẹnikẹ́ni ní kóòdù àṣírí owó orí fóònù yín. Ẹni tó fẹ́ fi owó ránṣẹ́ sí yín ò nílò rẹ̀.

Béèrè bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àfojúdi, òfin ló fún yín. Ní Bẹ̀nẹ̀, òfin nọ́mbà 2017-20 ti oṣù kẹrin 2018 wà, èyí tí wọ́n ń pè ní Code du numérique; àjọ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ yìí ni APDP. Tógò náà ṣe tirẹ̀ ní oṣù kẹwàá 2019, IPDCP ni àjọ tiwọn. Ẹ lè ní kí wọ́n fi ohun tí wọ́n kọ nípa yín hàn yín, ẹ sì lè ní kí wọ́n tún un ṣe bí kò bá rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò mọ ìwé kọ lè ní kí akọ̀wé ẹgbẹ́ bá òun kọ ọ́. Kí ẹ kọ ọjọ́ sí i, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà kan sọ́wọ́.